Èsì: LTE kì í ṣe “òṣùwọ̀n ìràn kẹrin”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo ilé.

Àtòjọ ọ̀rọ̀ fóònù tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ránṣẹ́ síbí ni mo fẹ́ fèsì sí. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló sì já gaara. Ṣùgbọ́n ìlà méjì kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé gbé mì, lórí LTE àti WiMAX, ọ̀nà méjì tí fóònù àti módẹ́ẹ̀mù ń gbà bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ láìlo okùn:

> LTE: òṣùwọ̀n ìràn kẹrin fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká.
> WiMAX: òṣùwọ̀n ìràn kẹrin mìíràn.

Àwọn kan ti kan sáárá sí i, wọ́n ní ká fi síbẹ̀ ká tẹ̀ síwájú. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun mẹ́ta tí kò jọra ni wọ́n lọ̀ pọ̀ sínú “òṣùwọ̀n ìràn kẹrin”. Ọmọ tó bá sì kà á báyìí kò ní lóye ìjà tí WiMAX àti LTE bá ara wọn jà láéláé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ohùn bẹ̀rẹ̀. “Ìràn” tí ẹ fi dò-dò kọ, inú “ràn” ló ti jáde, ràn inú “àkóràn” àti “àìsàn tó ń ràn”. Dò-re ni “ìran” tó wà nínú “ìrandíran”. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àmì lásán ni. Lóṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn kan ń dáná sun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àhesọ pé 5G ló ń kó àrùn kòrónà ràn ènìyàn. Ṣé àwa náà yóò wá fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sínú àtòjọ pé “ìràn karùn-ún” ni 5G? Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín ìdílé àti àrùn níbẹ̀ yẹn.

Ó yá, ká ní a ti tún ohùn ṣe. Òṣùwọ̀n ńkọ́? (Ẹni tó ní “òsùwọ̀n” ló yẹ ká máa kọ, ìjà yẹn ti pẹ́, kò kan èyí tá a wà lórí rẹ̀.) “Wọ̀n” ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a fi ń wọn nǹkan ni òṣùwọ̀n. Kóńgò ni òṣùwọ̀n, gàrí tí a dà sínú rẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó pe LTE ní òṣùwọ̀n, gàrí ló pè ní kóńgò.

Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, kóńgò wà lóòótọ́. ITU, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2008, wọ́n sì pè é ní IMT-Advanced. Ohun tó béèrè kò fara sin: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré, kí ìsọfúnni tó ń wọlé fún un lè tó mẹ́gábíìtì 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó dúró sójú kan, kí tirẹ̀ tó gígábíìtì 1, ìyẹn mẹ́gábíìtì 1,000. Ohun mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀, bí ìfẹ̀ ìkànnì (ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà) àti iye ìgbà tí ìsọfúnni lè pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n méjì yẹn ni gbogbo ayé mọ̀.

Wàyí o, ẹ da LTE sínú kóńgò náà. LTE tí wọ́n parí ìwé rẹ̀ ní ìparí 2008, tí wọ́n ń pè ní Release 8, bí ó bá rí ìkànnì tó fẹ̀ tó 20 MHz, tí áńtẹ́nà méjì ń sọ̀rọ̀, tí méjì ń gbọ́, ibi tó lè dé kò ju mẹ́gábíìtì 150 lọ. Tí áńtẹ́nà bá di mẹ́rin-mẹ́rin, 300. Kò kún kóńgò. LTE yìí náà ni ilé-iṣẹ́ fóònù TeliaSonera ṣí fún gbogbo ènìyàn ní Stockholm àti Oslo lóṣù kejìlá 2009, tí wọ́n sì ń pariwo 4G. WiMAX tí Sprint, ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ ṣí ní Baltimore lóṣù kẹsàn-án 2008 kò kún un bákan náà. Nígbà tí ITU wá kéde èsì lóṣù kẹwàá 2010, méjì péré ló gbà wọlé: LTE-Advanced, àti WirelessMAN-Advanced tó jẹ́ àtúnṣe WiMAX. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀kan tó wọlé.

Lóṣù kejìlá ọdún kan náà ni ITU tún sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè máa pe LTE, WiMAX, àti 3G tí wọ́n ti tún ṣe gan-an, ní 4G. Níbí ni ẹ̀gbọ́n wa ti ṣìnà. Ó rò pé ITU yí òṣùwọ̀n padà. Òṣùwọ̀n wà níbi tó wà, orúkọ ọjà ni wọ́n tú sílẹ̀. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kóńgò àti gàrí, báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá pé LTE kò kún òṣùwọ̀n? Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú àtòjọ yẹn: “òṣùwọ̀n náà kò kún òṣùwọ̀n.” Ìsọkúsọ ni yóò dà.

Ìlànà ni LTE. Là àti ọ̀nà ló bí i. Ẹnì kan ṣáájú la ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹni tó ń ṣe òpó ní Sweden àti ẹni tó ń ṣe fóònù ní Kòríà lè bára wọn pàdé lójú ọ̀nà láìtíì ríra rí. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe rí ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

LTE máa ń gé ìkànnì sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 15 kHz (1,000 kHz ló wà nínú 1 MHz). Méjìlá nínú wọn ló ń di búlọ́ọ̀kù kan, tí í ṣe 180 kHz. Búlọ́ọ̀kù 100 ló ń wọ inú ìkànnì 20 MHz. Àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sílẹ̀ ni, kí ìgbì má baà ta sára ìkànnì ẹlòmíràn. Ní mílísẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ni òpó ń tún búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí pín: fóònù tó ń gbọ́ ìgbì kedere lè gba ogún, èyí tó wà lẹ́yìn ògiri gba mẹ́ta, mílísẹ́kọ́ńdì tó tẹ̀ lé e kí ó yí padà. WiMAX náà ń gé ìkànnì sí tẹ́ẹ́rẹ́, ọgbọ́n OFDMA kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ jẹ́ 10.94 kHz, mílísẹ́kọ́ńdì márùn-ún sì ni ìyípo rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí tó láti mú kí ṣíìpù ti èkíní di adití sí ti èkejì.

Tó bá wá kan fóònù láti fèsì padà sí òpó, ọ̀nà wọn pínyà. WiMAX ṣì ń lo OFDMA. LTE yà sí SC-FDMA, ọgbọ́n tó ń mú kí ìgbì fóònù jáde bí ẹyọ kan ṣoṣo, ìdí rẹ̀ sì ni bátìrì. Bí ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ìgbì máa ń ta sókè lójijì. Ẹ̀rọ tó ń ti ìgbì jáde nínú fóònù gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìtasókè yẹn, kí ìgbì má baà dàrú, àyè tó fi sílẹ̀ yìí ló sì ń fa bátìrì gbẹ. SC-FDMA mú ìtasókè náà wálẹ̀. Ní ti òpó, iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní irú ìṣòro yẹn, ìdí nìyí tí LTE fi gba OFDMA fún òpó, tó sì kọ̀ ọ́ fún fóònù.

Ohun mìíràn tún wà. WiMAX tó dé ọjà, TDD ni: òpó sọ̀rọ̀, òpó dákẹ́, fóònù fèsì, gbogbo rẹ̀ lórí ìkànnì kan ṣoṣo. Èyí béèrè pé kí gbogbo òpó àdúgbò máa wo aago kan náà, láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS ni wọ́n sì ti ń gbà á. Bí aago òpó kan bá yẹ̀ díẹ̀, yóò máa pariwo lásìkò tí òpó kejì ń tẹ́tí sí fóònù. Ohùn òpó ga ju ti fóònù lọ fíìfíì, nítorí náà fóònù tó jìnnà kò ní dún létí òpó rẹ̀ mọ́. Oníbàárà á máa rí ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kún, dátà ò ní lọ. LTE ní TDD tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní FDD, tí òpó àti fóònù ń lo ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí irú ìjà aago yẹn kò sì dìde. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ayé tó ti ní ìkànnì méjì-méjì lọ́wọ́ láti ìgbà GSM, FDD ló bá wọn lára mu.

Ọ̀nà méjì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ra módẹ́ẹ̀mù WiMAX l'Ékòó, lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó tà á bá kó lọ sórí LTE, páálí òfo ló kù sí i lọ́wọ́. Kò sí sọ́fítíwíà tí wọ́n lè fi sínú rẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di LTE, torí ṣíìpù rẹ̀ kò mọ ọ̀nà yẹn. Ọmọ tó bá ka “òṣùwọ̀n” yóò rò pé ìwọ̀n ló kéré, pé bí wọ́n bá fi kún un yóò dára.

Ẹ jẹ́ ká wá sí “ìran” gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, ọ̀rọ̀ bàbá wa ni, àmọ́ ibi tó yẹ kó jókòó kọ́ ni ẹ gbé e sí. Ìran ní í ṣe pẹ̀lú ta ló bí ta. GSM bí UMTS (tí a mọ̀ sí 3G), UMTS bí LTE, LTE bí NR tó ń ṣiṣẹ́ 5G. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn nínú wọn, a sì lè rí i lójú fóònù. LTE kò ní ọ̀nà ìpè tirẹ̀ nígbà tó dé, dátà nìkan ló mọ̀. Bí ẹnìkan bá pè yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi iṣẹ́ rán sí fóònù lórí LTE pé ìpè dé. Fóònù á já LTE sílẹ̀, á wá 3G tàbí 2G kàn, á sọ fún un pé òun ti dé, ibẹ̀ ni yóò ti wá dún. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ń gbà, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń pè fi ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kí ó tó gbọ́ pé ó ń dún, tí àmì 4G sì ń di H tàbí 3G títí tí ẹ óò fi sọ̀rọ̀ tán. Bí VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí LTE fúnra rẹ̀, bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti lórí fóònù lápapọ̀ ni kò ní rí bẹ́ẹ̀. Síìmù kan náà, nọ́ńbà kan náà, ọmọ sá lọ sílé bàbá rẹ̀, ó sì padà wá. Ẹ ò rí i pé “ìran” bá èyí mu rẹ́gí?

WiMAX kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ilé àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ti wá, ọ̀dọ̀ IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, níbi tí Wi-Fi náà ti wá, 802.16 ni nọ́ńbà ìdílé rẹ̀. Nígbà tí Sprint gbé fóònù HTC EVO 4G jáde lóṣù kẹfà 2010, WiMAX ló ń gbé dátà, CDMA, ìlànà fóònù tí kì í ṣe ti ìdílé GSM, ló ń gbé ìpè, ẹ̀rọ rédíò méjì tí kò bára tan ni wọ́n kó sínú fóònù kan. Ìran kẹrin ta ni WiMAX? Ta ni baba ńlá rẹ̀?

Ẹ tún wo ti CDMA. Qualcomm, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù fóònù, ti ń pèsè ọmọ kan sílẹ̀ fún ìdílé yẹn, UMB lorúkọ rẹ̀. Verizon, ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ilé CDMA látilẹ̀, kéde lóṣù kọkànlá 2007 pé LTE lòun ń bá lọ. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Qualcomm pa UMB tì. Bí G inú 4G bá jẹ́ ìran, a jẹ́ pé ìran CDMA run lẹ́nu ọ̀nà ìkẹrin. Síbẹ̀ oníbàárà Verizon dé 4G lóṣù kejìlá 2010. Inú ilé ẹlòmíràn ló gbà dé ibẹ̀. Ìpele ni wọ́n gùn, wọn kò bí i.

Ìpele, nítorí náà, ni mo fara mọ́ fún G. Ìyá wa kan ti kọ̀wé pé aṣọ èjìká obìnrin ni ìpele, pé kí a má fi aṣọ ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo mọ aṣọ yẹn, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa ń sọ “ìpele kìíní, ìpele kejì” nínú ètò ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé ìró àti bùbá ni wọ́n ń wí.

Ti 5G tún wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òṣùwọ̀n tuntun ni ITU gbé kalẹ̀, IMT-2020: gígábíìtì 20 láti òpó sí fóònù, gígábíìtì 10 láti fóònù padà, lójú kan tí ohun gbogbo bá dára jù lọ. Àwọn tó wọlé sábẹ́ òṣùwọ̀n náà kì í ṣe ìran kan ṣoṣo. NR wọlé. 5Gi ti ilẹ̀ Íńdíà wọlé lọ́dún 2021, NR tí wọ́n tún ṣe fún àwọn abúlé tí òpó jìnnà sí ni. DECT-2020 sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ pé ìdílé fóònù ilé aláìlókùn ló ti wá, tí kò sí GSM nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá. Ìpele karùn-ún ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tó ń kọ “ìran karùn-ún”, ẹ sọ ilé bàbá tí ẹ óò kó DECT-2020 sí.

Nítorí náà, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí ìlà méjì yẹn kà rèé:

LTE: ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, láti ìran GSM, wọ́n kà á sí ìpele kẹrin lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Release 8 rẹ̀ kò kún òṣùwọ̀n IMT-Advanced.

WiMAX: ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlókùn, láti ìran IEEE 802, wọ́n kà á sí ìpele kẹrin lọ́jà bákan náà.

Alàgbà kan ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí irú èyí rí, ó ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi èdè sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún wa ní “asọ̀rọ̀mágbèsì”, ojú wọn ni wọ́n fi wo nǹkan náà. Wọ́n rí àpótí tó ń sọ̀rọ̀, tí kò sì gba èsì, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Wọn ò béèrè ìtumọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. “Amóhùnmáwòrán” náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà yẹn ì bá bi wá pé, “Kí ló ń ṣe?” kí wọ́n tó la ẹnu. Àwa lónìí, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì la kọ́kọ́ ń ṣí. Ibẹ̀ ni “Ìdàgbàsókè Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ” tí ẹnìkan dábàá fún LTE ti wá. Orúkọ ni LTE, a kì í túmọ̀ orúkọ. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ LTE.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì alágbèéká” náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Fóònù ni a ń gbé ká, òpó dúró sí àyè rẹ̀ lórí kọnkéré. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fèsì pé “oní” inú “alágbèéká” lè túmọ̀ sí ti àwọn tó ń gbé nǹkan ká. Bóyá. Etí mi kò gbà á, “nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù” sì ti tó.

Èyí tó kù ni ìkànnì. Mo ti ń lò ó bọ̀ látòkè fún ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà, torí báyìí ni àwọn oníròyìn rédíò wa ṣe ń lò ó. Àwọn kan ti gbé e fún wẹ́bùsáìtì, wọ́n sì ní kí a wá òmíràn. “Ọ̀já ìgbì” tí ẹ̀gbọ́n wa fi sínú àtòjọ kò ṣeé gbọ́. Ọ̀já ni a fi ń pọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì (“band”) ló sì fà á wọ ibẹ̀. “Ọ̀wọ́ ìgbì” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó pọ̀ tó jọ ń rìn, kò sọ nípa àyè tó ní ààlà níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni owó àwọn ènìyàn wa ń ṣòfò sí. iPhone 5 tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ AT&T lọ́dún 2012, ìkànnì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 4 àti 17 nìkan ló mọ̀ lórí LTE. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Smile ṣí LTE ní Ìbàdàn lọ́dún 2013, 800 MHz ni wọ́n wà, ìyẹn ìkànnì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 20. Ìlànà kan náà, ìran kan náà, ìpele kan náà, síbẹ̀ fóònù náà kò lè rí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju ìkànnì lọ fi í sínú gbólóhùn yìí, kí ó sì kà á sókè kó tó fi ránṣẹ́: “Kí o tó ra fóònù láti Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ wò ó bóyá ìkànnì 20 wà nínú rẹ̀.”